Iye tí Iṣẹ́ Ń San: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Sí Gbé Irin

Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa li àìpẹ́ yìí, a sì rí i pé kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀wò li ojú ìwé yìí, kí gbogbo ẹ̀yin òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ tí ń kà wá lóṣooṣù lè bá wa rò ó pọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni ọdún 19, ọmọ ilé rere, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gbé irin li ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀. Ó wá ọ̀pá irin kan, ó sì fi agolo méjì tí ó po sìmẹ́ńtì kún sí orí rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ti máa ń ṣe. Oṣù 3 gbáko ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, ìgbà 3 li ọ̀sẹ̀, kò sì jẹ́ kí òjò tàbí àárẹ̀ dá òun dúró. Nígbà tí ó lọ wọn ara rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé láti kílò 58 ni òun ti dé kílò 60. Kílò 2 péré! Ó wá bá wa pẹ̀lú ojú tí ó rẹ̀wẹ̀sì, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ pé kò sí ohun tí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kò lè rí gbà. Mo ti ṣiṣẹ́. Níbo ni owó iṣẹ́ mi wà?" Ó sì fi kún un pé ọkùnrin kan ní ilé ìdárayá àdúgbò wọn ti sọ fún òun pé abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fún òun láàrin oṣù 2 ní ohun tí iṣẹ́ kò lè fún òun láàrin ọdún 2.

Kí a sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gún wa li ọkàn, nítorí àwa ni a sọ ohun tí ó wí pé a sọ. A sọ ọ́ pẹ̀lú ìtara, a kò sì wọ̀n ọ́n kí a tó sọ ọ́. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òtítọ́ máa retí? Èkejì sì le ju ti ìṣáájú lọ: Bí ọ̀nà èrú bá ń sanwó ju ọ̀nà iṣẹ́ lọ, kí ni a óò wí fún ẹni tí ó dúró li ọ̀nà iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iye tí ara ń san, nítorí ẹni tí kò mọ iye ọjà kò lè mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ohun wúwo, agbára rẹ̀ a máa pọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í tètè tóbi. Àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara, Moritani àti deVries, fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde li ọdún 1979 pé li ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ni ó ń kọ́ṣẹ́. Ó ń kọ́ bí a ti í pe àwọn iṣan jọ kí wọ́n lè fà ní ìṣọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọkùnrin tí ń fi okùn fa ìtì igi, tí wọ́n kọ́ láti máa fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkùnrin náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n igi ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni iṣan tìkára rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí nípọn tí ojú lè rí i, díẹ̀díẹ̀ sì ni.

Báwo ni díẹ̀díẹ̀ yìí ti tó? Ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ń ṣe é dáradára, tí ń jẹun tó, tí ó sì ń sùn tó, lè retí bí kílò 1 sí 2 ẹran ara tuntun láàrin oṣù 2 sí 3. Obìnrin a máa rí tó ìdajì èyí, nítorí pé iṣan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ kò tó ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìdàgbàsókè rẹ̀ wé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò kéré sí ti ọkùnrin rárá. Ọdún kìn-ín-ní ni èrè pọ̀ jù. Li ọdún kejì a máa dínkù, li ọdún kẹta a sì tún dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òṣùwọ̀n pẹ̀lú a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí kì í ṣe ẹran ara nìkan ni ó ń wọ̀n. Ó ń wọn omi, ó ń wọn ọ̀rá, ó ń wọn oúnjẹ tí kò tíì dà nínú ikùn. Ẹni tí ó bá jẹ iyán àjẹyó lálẹ́ lè fi bí kílò kan wúwo ju ti àná lọ, síbẹ̀ kò sí ẹran ara kan tí ó fi kún un. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ máa wọn ara rẹ̀ li òwúrọ̀ kí ó tó jẹun, kí ó ro iye ọjọ́ 7 pọ̀, kí ó pín in sí 7, kí ó sì fi èyí wé ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bí ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń fi bí ìdámẹ́rin kílò kún ara rẹ̀ li ọ̀sẹ̀ kan, ó tó o. Bí ó bá ń ju ìdajì kílò lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rá ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, àwọn tí ó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ li ọdún 2018 rí i pé bí gíráàmù 1.6 púrótéènì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan li ojúmọ́ ti tó fún ẹni tí ń gbé irin. Ohun tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í sábà fi ohun kan kún ẹran ara. Fún ẹni tí ó wọn kílò 60, èyí jẹ́ bí gíráàmù 96. Ẹyin kan ní bí gíráàmù 6 nínú. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bí 15. Ẹja tí ó wọn gíráàmù 100 ní bí 20. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, wàrà wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú wà níbẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ìwọ̀nyí tí a kò lè rí rà li ọjà wa. Kí ó sì máa jẹ iyán tàbí ẹ̀bà rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí láti inú rẹ̀ ni agbára iṣẹ́ ti ń wá. Kí ó sì sinmi láàrin ọjọ́ iṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí ìgbà tí ara bá sinmi ni ó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìtàn àtijọ́ kan wà nípa Milo, ajàkadì ará Croton, ìlú àwọn Gíríìkì ní gúúsù ilẹ̀ Itálì, ẹni tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà kí a tó bí Olúwa wa. Wọ́n ní ó máa ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́, títí ọmọ màlúù náà fi di akọ màlúù ńlá, tí ó sì ń gbé e síbẹ̀. A máa ń sọ ìtàn yìí láti fi ru àwọn ọ̀dọ́ sókè, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì yé ẹni tí ó bá gbàgbé pé ọmọ màlúù kì í di akọ màlúù láàrin oṣù 3. Màlúù ni ó ń pinnu bí ẹrù yóò ti pọ̀ tó, Milo kò sì lè sáré jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan tí í ṣe DeLorme ṣe, nígbà tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn fara pa, tí ó sì tẹ ọ̀nà rẹ̀ jáde li ọdún 1945. Kò béèrè ohun tí ó wu aláìsàn láti gbé. Ohun tí ó lè gbé ní ìgbà 10 ni ó fi bẹ̀rẹ̀, bí agbára bá sì ti ń pọ̀ ni ó ń fi díẹ̀ kún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Kílò 2 láàrin oṣù 3! Owó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Ìrètí rẹ̀ ni ó ṣìnà. Nígbà tí a bi í léèrè iye tí ó ti ń retí, ó ní kílò 10. A bi í pé, "Ta ni ó sọ 10 fún ọ?" Ó ronú títí, ó sì dárúkọ ẹni méjì. Àwa ni ẹnìkíní, tí a ti sọ pé kò sí ohun tí iṣẹ́ kò lè mú wá. Ẹnìkejì ni ọkùnrin ilé ìdárayá náà, tí apá rẹ̀ tóbi bí itan ẹlòmíràn, tí ó sì ti ń sọ fún gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò pé ẹ̀wà àti ẹyin nìkan ni òun jẹ. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Iye tí iṣẹ́ ń san kò dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Nínú ìwádìí kan tí Hubal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde li ọdún 2005, ènìyàn 585, lọ́kùnrin lóbìnrin, fi ọ̀sẹ̀ 12 kọ́ apá wọn kan ṣoṣo ní ìdárayá kan náà. Nígbà tí ó parí, iṣan apá àwọn kan kò nípọn rárá, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ dínkù; iṣan ẹlòmíràn fi ìdá 59 nínú 100 nípọn sí i. Iṣẹ́ kan náà, iye ọ̀sẹ̀ kan náà! Àwọn baba wa ti sọ pé ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti pa òwe yìí fún ẹlòmíràn, ó sì ṣòro láti gbà á nígbà tí ìka kékeré bá jẹ́ tiwa. A kò ní sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó má dùn ún. Ohun tí a lè sọ ni pé kì í ṣe òun ni ó jẹ̀bi rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ń fi apá ẹlòmíràn wọn apá tirẹ̀ ti mú òṣùwọ̀n tí kò lè sọ òtítọ́ fún un láé.

Nígbà náà ni a dé ibi tí ó le jù. Ọ̀pọ̀ àwa àgbà a máa sọ fún àwọn ọmọ pé abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò ní èrè kankan. Irọ́ ni. Li ọdún 1996, Bhasin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọkùnrin 43. Ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fún àwọn kan ní testosterone, èròjà tí ara ọkùnrin tìkára rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n tí èyí pọ̀ rékọjá ìwọ̀n. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní abẹ́rẹ́ òfìfo. Nínú ìpín méjèèjì, àwọn kan gbé irin, àwọn kan kò gbé e. Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ láìsí oògùn fi bí kílò 2 ara tí kì í ṣe ọ̀rá kún tiwọn. Àwọn tí ó gba oògùn tí wọn kò sì ṣiṣẹ́ kankan fi bí kílò 3 kún tiwọn. Àwọn tí ó ṣe méjèèjì pọ̀ rí bí kílò 6. Ẹ kíyèsí i: ẹni tí ó jókòó gbà ju ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lọ. Bí a bá fi èyí pamọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n sì rí i fún ara wọn li ọjọ́ kan, wọn kì yóò gba ohun mìíràn tí a bá sọ gbọ́ mọ́.

Kí wá ni a óò wí? Èkíní, ìwádìí náà kò ju ọ̀sẹ̀ 10 lọ, li abẹ́ ojú àwọn oníṣègùn. Ẹni tí ń gbà á ní ìkọ̀kọ̀ kò ní oníṣègùn, kò mọ ohun tí ó wà nínú ìgò, a sì máa gbà á pẹ́. Ara tí ó bá ń rí èròjà yìí gbà láti òde a dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀. Irúgbìn ọkùnrin a dínkù, a sì lè tán pátápátá, kí ó sì pẹ́ kí ó tó padà. Ẹran ọkàn lè nípọn ní ọ̀nà àìtọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dì. Irú èyí tí a ń gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Obìnrin tí ó bá lò ó, ohùn rẹ̀ lè di ti ọkùnrin kí ó má sì yí padà mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe èròjà yìí tó, tí oníṣègùn sì fún un, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí; oògùn ni ó gbà, kì í ṣe èrú.

Ṣùgbọ́n bí a bá dúró lórí àìsàn nìkan, a kò tíì dáhùn ìbéèrè náà, nítorí ẹnìkan lè wí pé, "Ara mi ni, èmi ni n ó jìyà rẹ̀." Ní tòótọ́, bí ó bá lò ó tí ó sì sọ ọ́ ní gbangba, ara tirẹ̀ ni ó ṣẹ̀ sí. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kọ́ apá rẹ̀ tí ó sì wí pé ẹ̀wà àti ẹyin ni. Nígbà náà, ó ti di òṣùwọ̀n èké tí ó dúró li ọjà, gbogbo ọmọ tí ó bá wò ó a sì fi í wọn iṣẹ́ ara wọn. Ọmọ tí ó ṣiṣẹ́ oṣù 3 tí ó sì gba owó rẹ̀ pé a wá rò pé wọ́n ti ja òun li olè. Ẹ̀rí nìyí níwájú wa: ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ tí ó wọ ara ẹlòmíràn ti ba ayọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Òun náà, bí ó bá gbà á tí ó sì fi í pamọ́, yóò di òṣùwọ̀n èké fún àbúrò rẹ̀.

Àwa tí a kò gba abẹ́rẹ́ ńkọ́? Nígbà tí a sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ohun tí iṣẹ́ kò lè mú wá, kí ni a ṣe bí kò ṣe pé a fi kún òṣùwọ̀n? A ṣe é nítorí ìfẹ́, kí wọ́n má bàa ṣọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣèlérí 10 fún, tí ó sì rí 2, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ li oṣù kẹta. Ẹni tí a bá sọ fún pé 2 ni, tí ó sì rí 2, yóò mọ̀ pé a kò tan òun jẹ, yóò sì lè ní sùúrù fún oṣù kẹrin. Kò sí ìtùnú nínú ìrètí tí ó ju agbára iṣẹ́ lọ. Gbèsè ni, ọmọ náà ni yóò sì san án.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, èrè tí ojú ń rí kọ́ ni gbogbo èrè. Li ọdún 1990, Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn arúgbó bí 10 nínú ilé ìtọ́jú kan, tí ọjọ́ orí wọn tó bí ọdún 90, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ láti máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wúwo. Iṣan itan wọn fi bí ìdá 9 péré nínú 100 nípọn sí i. Bí wọ́n bá wo dígí, wọn ìbá wí pé àwọn kò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn méjì nínú wọn sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sílẹ̀.

A bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè pé, "Li ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbà mélòó ni o lè gbé irin yẹn sókè?" Ó ní ìgbà 3. "Nísinsìnyí ńkọ́?" Ó ní ìgbà 10, àti pé òun ti fi sìmẹ́ńtì kún àwọn agolo náà ní ìgbà méjì. Ìyá rẹ̀, tí ó wà níbẹ̀, sọ pé kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni ó ń gbé láti ibi kànga báyìí láìsọ̀ wọ́n kalẹ̀ li ọ̀nà. Ọmọ náà kò tíì ka èyí mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Ó wá bi wá pé, "Bí mo bá ń bá a lọ, kílò mélòó ló lè jẹ́ ní ọdún kan?" A ní ó lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 6, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rá díẹ̀ yóò sì wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó kéré, Bàbá."

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ wa, ó kéré. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni, o sì lè sọ bí o ti rí i fún ẹnikẹ́ni."

Ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀lé e, a dìde, a sì tún ọ̀rọ̀ wa sọ níwájú gbogbo wọn. A ní kí wọ́n darí jì wá, nítorí a ti ṣèlérí fún wọn ju ohun tí ó wà li ọwọ́ wa lọ. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yóò rí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ lè san. Iṣẹ́ náà àti ara tí a fún un ni yóò sì sọ iye rẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ wa, kì í sì ṣe apá aládùúgbò wa. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn tó ti ìṣáájú, kò sì sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà níbẹ̀, a sì gbọ́ pé ó ṣì ń gbé irin rẹ̀ li ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀, ìgbà 3 li ọ̀sẹ̀.